Ọ̀ṣun Kì í Ṣe Ti Ẹgbẹ́ Kan

Bí àkókò ìdìbò bá ti ń súnmọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ṣe Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà nìkan ni ariwo ti í sọ. Ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná, ní Mínà, ní Sábóńgàrí ìlú Kánò àti níbi gbogbo lókè Ọya tí àwọn ọmọ Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò tàbí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú a máa di pápá àríyànjiyàn. Ẹni kan a ní ẹgbẹ́ báyìí ni ẹgbẹ́ àwọn baba òun, kò sí ohun tí ó lè yẹ òun lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn a ní ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tí kò bá dìbò fún ọmọ ìlú rẹ̀. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, àwọn kan ti dáwọ́ owó àdájọ dúró, àwọn kan kò sì wá sí ìpàdé mọ́. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn ará ilé tí a ń torí wọn jà lè ti pa ẹgbẹ́ dà lẹ́ẹ̀mejì kí ìjà ẹ̀yìn odi náà tó parí.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a yọ lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ti di ibi tí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti òun ni. Nínú ìdìbò Ààrẹ ọdún 2019, ẹgbẹ́ APC ní ìbò 347,634 níbẹ̀, PDP sì ní 337,377. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 10,257. Ní ọdún 2023, PDP ni ó borí pẹ̀lú 354,366, APC sì ní 343,945. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 10,421. Ńṣe ni ó dà bí ẹni pé oníṣòwò kan fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ọjà lẹ́ẹ̀mejì, tí ó kàn yí i sí apá kejì. Ẹni tí APC fà kalẹ̀ ní ọdún 2023 sì ni Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú, ọmọ Yorùbá, nígbà tí PDP fa Alhaji Atiku Abubakar láti Àdámáwá kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ẹ̀yìn odi ni ó gbọ́ èsì Ọ̀ṣun lọ́dún náà tí wọ́n ní irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó wà nílé kò ya ẹnu rárá.

Àwòrán tí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa gbé lọ sí ẹ̀yìn odi ni ti ọdún 1979. Lọ́dún náà, ẹgbẹ́ UPN gbá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ mọ́ bí ẹni gbá ilẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kó ju ìbò 80 lọ nínú 100 níbẹ̀, Olóyè Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, sì di gómìnà. Nígbà tí ó di ọdún 1993, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá tún kó ju 80 lọ nínú 100 ní Ọ̀ṣun tuntun. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ AD gba ipò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Olóyè Bísí Àkàndé, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, sì wọlé ní Òṣogbo. Kódà Ọ̀ṣun kọ Olóyè Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, ó sì dìbò Ààrẹ fún Olóyè Olú Fálaè. Ẹni tí ó bá kúrò nílé láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí kò jẹ̀bi bí ó bá rò pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wà.

Àmọ́ kò pọn dandan kí a jìnnà púpọ̀ sẹ́yìn kí a tó rí i pé kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 1954, NCNC ti Dókítà Nnamdi Azikiwe ni ó kó àga tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó gba 23, Action Group sì gba 18. Iléṣà àti Òṣogbo wà lára àwọn ìlú tí àkùkọ ti kọ lórí ọ̀pẹ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí baba rẹ̀ di ìbò fún àkùkọ ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni ó ń búra lónìí pé ọ̀pẹ ni ti ìdílé àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà ayé UPN pàápàá, tí a ń pè ní ìgbà ohùn kan, Mọdákẹ́kẹ́ kò bá Ifẹ̀ sùn sójú kan náà. NPN ni púpọ̀ nínú wọn fara mọ́, nítorí wọ́n fẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn Alhaji Shehu Shagari ju Awólọ́wọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ́ olórí ara rẹ̀ ni ó wà nídìí rẹ̀.

Ní ọdún 2003, AD pàdánù ìpínlẹ̀ márùn-ún nínú mẹ́fà, Ọmọọba Ọlágúnsóyè Oyinlọlá láti Òkukù sì gba ìjọba Ọ̀ṣun fún PDP. Wọ́n tún kéde pé òun ni ó wọlé ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà di ti kóòtù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2010, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìbàdàn dájọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá ti ẹgbẹ́ AC ni ó jáwé olúborí. Ìdájọ́ yìí ni ó mú kí ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun yapa kúrò ní ìgbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ó pọ̀ jù ń dìbò tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà yóò tún jẹ yọ níwájú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2011 tí àwọn tí ń sọ pé Ọ̀ṣun ti dalẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ẹgbẹ́ ACN fa Màlámù Nuhu Ribadu kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ. Ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù, títí kan àwọn tí ACN ń ṣàkóso, dìbò fún Dókítà Goodluck Jonathan. Ọ̀ṣun nìkan ni ó dìbò fún Ribadu ní gbogbo Nàìjíríà. Kò sí ìpínlẹ̀ tí ó gbọ́ràn sí ẹgbẹ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ìpínlẹ̀ kan náà kọ̀ láti dìbò fún ẹni tí a mọ̀ sí bàbá ìsàlẹ̀ ACN fúnra rẹ̀.

Kí ni ó wá ń darí ìbò wọn? Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹkùn ìdìbò aṣòfin àgbà mẹ́ta ni ó wà ní Ọ̀ṣun, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá sì ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ó ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ẹdẹ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Olóògbé Isiaka Adélékè ni gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ tí Ọ̀ṣun ní, lábẹ́ SDP, ní ọdún 1992. Ó di aṣòfin àgbà lábẹ́ PDP ní ọdún 2007, ó sì tún di aṣòfin àgbà lábẹ́ APC ní ọdún 2015. Nígbà tí ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, àbúrò rẹ̀, Adémọ́lá, fẹ́ rọ́pò rẹ̀, APC kò sì fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ó kọjá sí PDP. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìbò 97,480 ni ó fi borí 66,116 ti APC. Ẹkùn tí ó dìbò fún APC ní ọdún méjì ṣáájú ni ó ṣe èyí. Nígbà tí Adémọ́lá Adélékè jáde fún ipò gómìnà ní oṣù Keje ọdún 2022, ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tí ó wà ní Ẹdẹ fún un ní ju ìbò 43,000 lọ, ohun tí APC rí níbẹ̀ kò tó 16,000. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ti Ẹdẹ nìkan ni, kí ó wo Bórípé, níbi tí Ìrágbìjí, ìlú Alhaji Gbóyèga Oyètọ́lá tí ó wà lórí àga nígbà náà, wà. Ju 21,000 ni APC ní níbẹ̀, PDP kò sì tó 8,000. Ẹdẹ àti Ìrágbìjí ń ṣe ohun kan náà, orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ni ó yàtọ̀. Nígbà tí Gómìnà Adélékè sì fi PDP sílẹ̀ tí ó wọ ẹgbẹ́ Accord ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ẹni tí ó mọ Ẹdẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ibo ni Ẹdẹ yóò yà sí.

Ní Ìwó, tí ó wà nínú ẹkùn kan náà, ẹ̀dùn ọkàn ni ó ń ṣiṣẹ́. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀ṣun ti ń sọ pé ó ti pẹ́ jù tí ipò gómìnà ti kan àwọn gbẹ̀yìn. Nígbà tí Olóyè Moshood Adéòtí, ọmọ Ìwó, kò rí tíkẹ́ẹ̀tì APC gbà ní ọdún 2018, ó lọ gba ti ADP, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó sì kó ìbò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000. Kì í ṣe ìwé ètò ADP ni àwọn ènìyàn kà kí wọ́n tó tẹ̀ka fún un.

Òṣogbo ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú olówó oṣù, àárín ẹkùn tí ìlú náà wà sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn ún jù. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2015, tí owó tí ń ti Àbújá wá sì dín kù, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá kò lè san owó oṣù pé. Àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ń gba owó wọn ní kíkún, àwọn ti àárín ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn ọ̀gá sì ń gba àábọ̀. Èyí rí bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2018. Ẹni tí kò gbé ìlú òṣìṣẹ́ rí lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé nìkan ni. Ìyá tí ó ń ta aṣọ láwìn fún àwọn olùkọ́ kò rí owó rẹ̀ gbà. Ẹni tí ó ń ta ìrẹsì fún ìyá aláṣọ kò rí tirẹ̀. Onílé kò rí owó ilé. Ọ̀gá iléèwé aládàáni lé ọmọ ènìyàn padà sílé nítorí owó iléèwé. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ní tiwọn ń tò níwájú ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Nígbà tí Oyètọ́lá jọba, ó ń san owó oṣù pé, èyí kò ṣeé sẹ́; ṣùgbọ́n gbèsè àábọ̀ owó oṣù ti àtẹ̀yìnwá ṣì wà lọ́rùn ìjọba, ẹni tí a jẹ lówó kì í sì í gbàgbé. Gbèsè náà di ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò ní ọdún 2022, ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo sì fi ju ìbò 7,000 lọ gbe Adélékè. Kí a fi ti iléèwé kún un. Ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá da àwọn iléèwé pọ̀, ó sì wọ gbogbo ọmọ ní aṣọ kan ṣoṣo. Àwọn ìjọ tí ó dá iléèwé sílẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde bínú, APC kan náà ni ó sì tú ètò náà ká ní ọdún 2020. Ìbínú ti ta gbòǹgbò kí wọ́n tó tú u ká.

Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ ní ẹkùn Ìlà-Oòrùn ni ó gba ìtàn jù. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, wọ́n dìbò gómìnà. Nígbà tí wọ́n kà á tán, PDP ní 254,698, APC sì ní 254,345. Ìbò 353 péré ni ó wà láàárín wọn nínú gbogbo ìpínlẹ̀. Àwọn ènìyàn 353 kò kún gbọ̀ngàn ìgbéyàwó kan. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, ní kò tíì parí, nítorí pé a ti fagi lé ìbò ní ibùdó méje tí orúkọ ènìyàn 3,498 wà nínú ìwé wọn, ní Òṣogbo, ní Oròlú àti ní apá kan ilẹ̀ Ifẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú gbogbo ayé yí sí Ilé-Ifẹ̀, nítorí pé Sẹ́nẹ́tọ̀ Ìyíọlá Òmíṣorè, ọmọ Ifẹ̀, tí ó jáde lábẹ́ SDP, ti kó ìbò 128,049. Òmíṣorè yìí ni ó ṣe igbákejì gómìnà lábẹ́ AD ní ọdún 1999, tí ó sì jẹ́ ẹni tí PDP fà kalẹ̀ láti bá Arẹ́gbẹ́ṣọlá du ipò ní ọdún 2014. Àwọn àgbà òṣèlú láti ẹgbẹ́ méjèèjì ń wọ́ lọ sí ilé rẹ̀ bí ẹni ń lọ kí ọlọ́mọ tuntun. Ó fara mọ́ APC. Nígbà tí wọ́n tún ìbò dì ní ọjọ́ 27 oṣù náà, APC ní 255,505, PDP sì ní 255,023. Ọ̀pọ̀ alákíyèsí, títí kan àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè, bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ibùdó náà. Ẹjọ́ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, adájọ́ márùn-ún sì dá Oyètọ́lá láre ní oṣù Keje ọdún 2019, nígbà tí méjì kò fara mọ́ ọn. Òmíṣorè wọ APC pátápátá lẹ́yìn náà, ó di akọ̀wé àpapọ̀ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 2022. Lọ́dún yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ Àárín-Gbùngbùn Ifẹ̀ àti Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ dìbò fún APC, lòdì sí bí gbogbo ìpínlẹ̀ ti dì í.

Ìjẹ̀ṣà wà nínú ẹkùn yìí kan náà, ó sì gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ Iléṣà ni Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Nígbà tí àárín òun àti Oyètọ́lá tí ó rọ́pò rẹ̀ bàjẹ́, tí ẹni tí ó tì lẹ́yìn sì pàdánù nínú ìdìbò abẹ́lé APC ní oṣù Kejì ọdún 2022, kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ polongo ìbò lọ́dún náà. Ọbòkun àti Oríadé bọ́ sọ́wọ́ PDP. Ní ọdún 2025, Arẹ́gbẹ́ṣọlá di akọ̀wé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ADC. Bí ẹni tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì bá ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ jà nítorí APC tí ó gbà pé ti Ìjẹ̀ṣà ni, yóò dára kí ó bèèrè ibi tí àwọn tí ó fi ẹgbẹ́ náà lé e lọ́wọ́ wà báyìí.

Èsì ọdún 2022 ni pé Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá sì ní 375,027. Ìjọba ìbílẹ̀ 17 ni Adélékè mú nínú 30. Ẹ̀rọ BVAS ni wọ́n fi yẹ àwọn olùdìbò wò, síbẹ̀ ẹjọ́ kò ṣàì dé. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ yọ Adélékè ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà ní oṣù Kẹta, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní oṣù Karùn-ún. Láàárín àkókò tí ẹjọ́ ń lọ, PDP kó àga aṣòfin àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti àga mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti ilé aṣojú-ṣòfin, ó sì gba 25 nínú àga 26 ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ilé aṣòfin yẹn nìkan yóò rò pé APC ti kú ní Ọ̀ṣun. Kò kú, ìyàtọ̀ tín-ín-rín ni ó ń di òkè ńlá nígbà tí a bá ń pín àga.

Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa mú kí ìjà gbóná. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ẹgbẹ́ méjì ń du sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, oníkálukú ní òun ni alága tí òfin mọ̀. Ẹ̀mí ènìyàn lọ sí i. Owó tí ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ gbà láti Àbújá dúró lọ́dún náà. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá fi tẹlifóònù dá iná sí ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè kò mọ iye tí ará ilé ń san.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn odi gan-an. Òfin Ìdìbò gbà kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ níbi tí ó ń gbé, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí níbi tí ó ti wá. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọmọ Ejìgbò tí ó ń gbé ní Kàdúná rú òfin bí orúkọ rẹ̀ bá wà ní Ejìgbò. Ìbò gómìnà Ọ̀ṣun kì í sì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ìpínlẹ̀ mìíràn tí ó pọ̀, ọkọ̀ lè gbé ènìyàn délé ní ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé a kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn ní ọjọ́ ìdìbò. Àwọn olùdíje mọ èyí. Bí ìbò 353 bá lè pín ìpínlẹ̀ sí méjì, bọ́ọ̀sì mẹ́wàá láti òkè Ọya kì í ṣe ohun tí wọn yóò fojú kékeré wò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi ń rí àlejò tí wọn kì í rí tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni orúkọ ènìyàn lè wà. Ẹni tí ó bá fi tirẹ̀ sí Òṣogbo kò ní ohùn nígbà tí wọ́n bá ń yan ẹni tí yóò ṣojú àdúgbò rẹ̀ ní Mínà, níbi tí ó ti ń san owó orí ìsọ̀, níbi tí omi ẹ̀rọ kò ti ṣe déédéé, níbi tí ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ti ń lọ sí iléèwé ìjọba. Àwọn kan yóò dáhùn pé a kò ka àwọn sí ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀, pé ọmọ wọn kò rí ìwé ẹ̀rí gbà bí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì, pé ìgbà rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2011 ní àríwá ṣì wà ní ojú àwọn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó jókòó síbi tí ara ti rọ̀ ọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, ibi tí a kò bá ti ka ìbò ẹni, wọn kò ní ka ẹkún ẹni. Ẹni tí ó ń lọ sílé ní oṣooṣù, tí aya rẹ̀ wà ní Ìkìrun, tí oko rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ ni kí orúkọ rẹ̀ wà nílé. Ti ẹni tí ó ń lọ sílé fún Iléyá lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò wọ bọ́ọ̀sì, yóò tẹ̀ka, yóò sì padà lọ́jọ́ Àìkú. Ará ilé ni yóò fi ọdún mẹ́rin gbé pẹ̀lú ohun tí ó yàn.

Àwọn kan kò tilẹ̀ lọ. Owó ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn, wọ́n sì ń fi àṣẹ kún un pé ẹgbẹ́ báyìí ni kí ó dìbò fún. Ìyá yìí ni ó mọ ìgbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dé kẹ́yìn. Òun ni ó mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì wà ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà lẹ́bàá ọjà. Bí ó bá ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó ti gbọ́, tí ó sì lọ tẹ ohun tí ó wà lọ́kàn tirẹ̀, kò ṣẹ̀.

Ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò le. Bí a bá ń jà bí i ká kú kọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn pé fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ wọ inú ìpàdé. Bí olùdíje bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n pe gbogbo àwọn olùdíje sí ọjọ́ kan náà. Kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ oníkálukú iye olùkọ́ tí yóò gbà sí iléèwé ìlú náà, ohun tí yóò ṣe sí gbèsè àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, àti ọ̀nà tí ó wọ inú oko. Owó tí ẹnikẹ́ni bá fi sílẹ̀, kí akápò kà á sókè níwájú gbogbo ìpàdé, kí ó sì wọ àpò ìlú, kì í ṣe àpò alága.

Ní ti orúkọ, ẹni tí ó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ láti ilé wá sí ibi tí ó ń gbé, tàbí láti ibi tí ó ń gbé lọ sí ilé, INEC ní ètò ìṣípòpadà fún un. Kí ó mú káàdì ìdìbò rẹ̀ lọ bá wọn nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ, kí ó sì tètè lọ, nítorí pé wọ́n máa ń ti ìwé bí ìdìbò bá ti súnmọ́. Kí ó má ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́tun bí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí orúkọ ẹnì kan wà ní ibi méjì.